Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé tuntun wa ń jò lójú fèrèsé, a ò sì rí flashing kankan lábẹ́ rẹ̀

Ìyálé_Richmond

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́. A ra ilé tuntun níbí ní Richmond, lẹ́bàá Houston. Àwa la kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́. Bíríkì ni wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ilé, pátákó sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bo òkè. Ìgbàkígbà tí òjò bá ti bá ìjì wá láti apá gúúsù, omi á gba abẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì á rin gbingbin, ògiri abẹ́ fèrèsé náà sì ti wú. Bí òjò bá rọra rọ̀ láìsí ìjì, ẹ ò ní rí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá, ó fa gọ́ọ̀mù yí gbogbo etí fèrèsé náà ká láti ìta, ó ní ó ti parí. Òjò tó tẹ̀lé e, omi tún wọlé, ó tiẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní kì í ṣe òjò, pé èémí àwa tó ń gbé inú ilé ló ń di omi lára gíláàsì. Àbúrò ọkọ mi tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ bá yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí fèrèsé náà ká nínú, ó sì gé ògiri funfun abẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Igi lásán la bá níbẹ̀. Ó tutù, ó ti ń dúdú, kò sí téèpù kankan lórí rẹ̀. Ó ní flashing, ìyẹn téèpù tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń da omi síta, ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ta ni kí n pè? Ṣé kí n fowó ara mi tún un ṣe ni, àbí kí n dúró de àwọn tó kọ́ ọ? Àbíkẹ́yìn mi ní ikọ́ fée, yàrá yẹn ló ń sùn, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_TX

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó dà bíi pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n lò ni kò dáa. Ẹ ra ojúlówó sílíkóònù, ẹ ha ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì fi dí gbogbo etí rẹ̀ pátá, òkè, ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀. Kò wọ́n, ẹ lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Káfíńtà_Dallas

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹ dákun mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fa gọ́ọ̀mù sí fèrèsé yẹn. Iṣẹ́ fèrèsé ni mò ń ṣe jẹun, mo sì ti tú irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Nínú ilé onígi tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí, kì í ṣe bíríkì tàbí pátákó ìta ló ń dá omi dúró. Òjò tó bá ìjì wá á gba ẹ̀yìn wọn, gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ ike tí wọ́n fi wé ilé lábẹ́ pátákó yẹn ló ń gba omi náà, tó ń mú un sọ̀ kalẹ̀ títí á fi jáde nísàlẹ̀. Ihò ni fèrèsé jẹ́ lára aṣọ yẹn. Iṣẹ́ flashing ni láti so fèrèsé mọ́ aṣọ, kí omi tó ń ṣàn bọ̀ lókè má bàa rí ibi yà sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kí fèrèsé tó wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ flashing sórí igi ìsàlẹ̀, á gun igun méjèèjì díẹ̀, á sì dagun síta. Wọ́n á wá kan fèrèsé mọ́ ọn. Téèpù ẹ̀gbẹ́ ló tẹ̀lé e, ó gbọ́dọ̀ gorí ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ló kẹ́yìn, òun náà á gorí ti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ ike tí wọ́n ti ká sókè á wá bọ̀ wálẹ̀ bo ti òkè. Bí a ṣe ń to páànù òrùlé gan-an ni: ti òkè ló ń gorí ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ téèpù òkè sórí aṣọ dípò abẹ́ rẹ̀, omi á gba ẹ̀yìn téèpù wọlé, bó ti wù kí téèpù náà wọ́n tó.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa: a kì í lẹ téèpù bo etí ìsàlẹ̀ fèrèsé, a kì í sì í fi gọ́ọ̀mù dí i. Ibẹ̀ la fi sílẹ̀ kí omi tó bá wọ inú lè jáde. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ férémù náà lóde fún mi. Ẹ máa rí ihò pẹlẹbẹ kéékèèké. Ṣé ojú wọn ṣí?

Ìyálé_Richmond

Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán báyìí. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí méjèèjì pa!

Káfíńtà_Dallas

Ìdí nìyẹn tí omi fi pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀nà tí omi inú férémù fi ń jáde ni wọ́n dí, inú ilé ló wá ń yà sí. Ẹ ya fọ́tò ihò náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí i. Ìyẹn ò lè rọ́pò flashing tí kò sí, àmọ́ omi á dín kù títí iṣẹ́ gidi á fi bẹ̀rẹ̀.

Ayẹléwò_Katy

Iṣẹ́ yíyẹ ilé wò ni mò ń ṣe, mo sì ní ìwé àṣẹ ìjọba Texas. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ èémí yẹn, torí kò bọ́gbọ́n mu. Ní Houston, lásìkò ooru, AC ti mú inú ilé tutù, ìta ló gbóná tó sì kún fún ọ̀rinrin. Ara gíláàsì lóde ni ìrì ti ń sẹ̀ nígbà náà. Àsìkò òtútù ló lè sẹ̀ sínú, ojú gíláàsì lẹ ó sì ti kọ́kọ́ rí i. Omi tó jẹ́ pé ìgbà tí ìjì bá fẹ́ láti gúúsù nìkan ló ń dé, tó sì ń gba abẹ́ férémù jáde, òjò ni.

Ẹni tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pè ni ẹni tó máa yẹ ilé wò fún yín, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó kọ́lé, tí kì í sì í ṣe ẹni tó máa gba owó àtúnṣe. Lórí ìkànnì Texas Real Estate Commission, àjọ tó ń fún àwa ayẹléwò ní ìwé àṣẹ, ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi í lórí fóònù bóyá ó máa ń fi omi dán fèrèsé wò. Bó bá ní kámẹ́rà tó ń fi ooru hàn nìkan ló ń lò, ẹ wá ẹlòmíì. Kámẹ́rà yẹn á fi ibi tó tutù hàn yín, kò lè sọ ibi tí omi gbà wọlé.

Bí a ṣe ń fi omi dán an wò: ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn kan á wà nínú ilé níbi tí wọ́n ti ṣí ògiri, ẹnì kejì á máa fi rọ́bà wọ́n omi sí pátákó tó wà lábẹ́ fèrèsé lóde. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó bọ́ sí igun ìsàlẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, orí fèrèsé ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè ti ba ìdánwò jẹ́, torí gbogbo ara rẹ̀ ló máa rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọn omi inú igi, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Igi tó bá ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ ti ń sún mọ́ jíjẹrà. Ìwé òfin ilé gbígbé, IRC, sọ̀rọ̀ flashing ní orí R703.4. Ẹ ní kó tọ́ka sí i nínú ìròyìn rẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, ẹ gbé e kúrò ní yàrá yẹn lónìí. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ní kí a gbẹ ohun tó bá rin láàárín wákàtí 24 sí 48 kó má bàa bu. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ yọ òwú inú ògiri tó ti rin, ẹ gbé fáànù síbẹ̀. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò kí ẹ tó yọ ọ́, kí ẹ sì kó díẹ̀ sínú ọ̀rá pamọ́.

Àǹtí_Lọ́yà

Ìmọ̀ràn gbogbogbò ni tèmi o, ẹ ṣì máa nílò lọ́yà tó ka ìwé àdéhùn yín. Àmọ́ ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú fèrèsé yẹn. Òfin kan wà ní Texas, Residential Construction Liability Act, orí 27 nínú Property Code. Ó ní kí ẹni tó ra ilé kọ ìwé sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọjọ́ 60 ó kéré tán kó tó lè pè é lẹ́jọ́, kó sì ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ̀wé béèrè láàárín ọjọ́ 35, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Bí ẹ bá ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó dé, wọ́n á ní ẹ ti ba ẹ̀rí jẹ́. Gbígbẹ omi àti yíyọ ohun tó rin kò sí lára ìyẹn. Òfin yẹn kan náà ló fẹ́ kí ẹ ṣe ohun tó bá yẹ kí ìbàjẹ́ má bàa pọ̀ sí i.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ yín ni "kò tíì pé ọdún kan". Láti 2023, òfin Texas fún ilé-iṣẹ́ láyè láti dín ọdún 10 tí èèyàn fi lè pè wọ́n lẹ́jọ́ kù sí 6, bí wọ́n bá fún ẹni tó ra ilé ní wáráńtì tó pé: ọdún 1 fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun èlò, ọdún 2 fún páìpù, iná àti AC, ọdún 6 fún àwọn òpó tó gbé ilé ró. Wọ́n á sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni flashing. Ọdún kan yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìpè orí fóònù tí ẹ ti ń pè wọ́n kò tó. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ ní póòsì tí wọ́n á fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà á, ẹ sì fi kan náà sórí ímeèlì. Ẹ kọ ọjọ́ tí omi wọlé, ẹ kọ ti gọ́ọ̀mù àti ihò tí wọ́n dí, kí ẹ sì so ìròyìn ẹni tó bá yẹ ilé náà wò mọ́ ọn.

Ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí bóyá ó ní ilé ẹjọ́ kọ́ ni ẹ máa lọ, pé onílàjà ni. Ó wọ́pọ̀ gan-an nínú ìwé ilé tuntun. Ẹ tún fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín létí, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò kì í san owó àléébù iṣẹ́ kíkọ́.

Bàbá_Peckham

Ẹ kú ìnira mà. Ògiri ìlọ́po méjì tó ní àlàfo láàárín la fi ń kọ́lé ní London níbí. Ike tó ń da omi síta, tí a ń tẹ́ sórí òpó irin òkè fèrèsé, ni wọ́n máa ń gbàgbé ní tiwa. Wáráńtì NHBC, àjọ tó ń ṣe wáráńtì ilé tuntun níbí, fi ọdún 2 àkọ́kọ́ sọ́rùn ẹni tó kọ́lé, ó wá gba àléébù ńlá títí di ọdún 10. Ohun tí mo rí láàárín àwọn ará àdúgbò wa ni pé ilé-iṣẹ́ tètè dáhùn nígbà tí onílé púpọ̀ kọ̀wé pa pọ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn tó múlé tì yín. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló ṣeé ṣe kó fi fèrèsé sí tiwọn.

Ará_Bódìjà

Mo ń kọ́lé lọ́wọ́ n'Íbàdàn, ẹ gbà mí láyè kí n béèrè. Búlọ́ọ̀kù ni tiwa, kò sí aṣọ ike. Kí ni kí n sọ fún bírikìlà mi?

Káfíńtà_Dallas

Kó jẹ́ kí ẹnu ìsàlẹ̀ fèrèsé dagun síta, kó yọ ju ojú ògiri lọ, kó sì fa ilà jíjìn kan sí abẹ́ ibi tó yọ yẹn, kí omi lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó rìn padà sára ògiri. Kó ṣe é kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_TX

Ẹ ṣeun, Káfíńtà, àlàyé yín yé mi. Ihò tó wà láàárín bíríkì nísàlẹ̀ ilé ńkọ́? Kòkòrò ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì ní kí n fi sìmẹ́ńtì dí i.

Káfíńtà_Dallas

Ẹ má dí i o. Ọ̀nà àbájáde omi ẹ̀yìn bíríkì ni. IRC ní kí ihò kan má jìnnà sí ìkejì ju ínṣì 33 lọ. Ẹ fi àwọ̀n irin kéékèèké sí i, kòkòrò ò ní wọlé, omi á sì jáde.

Ìyálé_Richmond

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. A ti gbé ọmọ lọ sí yàrá wa. Mo ti pe ayẹléwò kan tó ní òun máa fi omi dán an wò, lẹ́tà náà ń lọ ní póòsì lọ́la. Bí wọ́n bá gbà láti tún un ṣe, kí ni kí n bèèrè lọ́wọ́ wọn? Àwọn fèrèsé yòókù ńkọ́?

Káfíńtà_Dallas

Ẹ ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé hámà. Tó bá jẹ́ pé láti inú ilé ni wọ́n fẹ́ ṣe é, ẹ má gbà. Pátákó ìta gbọ́dọ̀ kúrò yí fèrèsé náà ká, fèrèsé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, igi gbọ́dọ̀ gbẹ (ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọwọ́), kí èyí tó ti jẹrà sì di pààrọ̀. Téèpù butyl, irú èyí tó jẹ́ rọ́bà, ni kí wọ́n lò, torí oríṣi ọ̀dà dúdú máa ń yọ́ nínú ooru wa. Kò gbọ́dọ̀ lọ sórí igi tó rin tàbí tó ní eruku, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí fèrèsé lábẹ́ pátákó, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù dí òkè irin náà. Kí pátákó tó padà, kí ayẹléwò yín wá ya fọ́tò, kí wọ́n sì fi omi dán an wò lójú yín.

Ní ti àwọn yòókù, orire tí ẹ ní ni pé pátákó ló wà lókè, ó rọrùn láti tú. Ti ìsàlẹ̀ tó jẹ́ bíríkì máa ṣòro jù, wọ́n sì lè fẹ́ yẹra fún un. Ẹ kọ gbogbo fèrèsé ilé sínú lẹ́tà yẹn lónìí, kó má jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà kí ayẹléwò ṣí igi inú ní ìsàlẹ̀ fèrèsé kan sí i lápá gúúsù, àti ọ̀kan lára àwọn tó wà láàárín bíríkì. Bí kò bá sí flashing ní méjèèjì, gbogbo ilé ni kí wọ́n ṣe.