Gertrude: agbára ni àbí àyànfẹ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin tí a máa sọ ọmọ mi obìnrin lórúkọ, mo sì fẹ́ fi Gertrude, orúkọ ìyá mi àgbà, kún un. Káàdì ìrìbọmi wọn ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Íǹkì rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ ìrù G náà ṣì hàn kedere.

Mo bi fadá wa. Wọ́n ní orúkọ ẹni mímọ́ ni, Gertrude ti Nivelles, tó kú lọ́dún 659 ní ilẹ̀ tó di Belgium lónìí. Ó dára, ṣùgbọ́n nílé wa a kì í sọ ọmọ lórúkọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo wo ìwé méjì: wọ́n gbà pé èdè Jámánì àtijọ́ ni, pé "ger" ni ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń mú lọ sógun. Ibi "trud" ni wọ́n ti yapa. Ọ̀kan ní agbára ni, èkejì ní àyànfẹ́. Ọkàn mi fà sí agbára, torí ìyá àgbà nìkan ló tọ́ ọmọ méje.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Jámánì, èwo ni kí n sọ fún ẹbí lọ́jọ́ náà? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.