Àbúrò mi bi mí pé ta ló dá Ọlọ́run

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi tí mo fẹ̀yìn pọ̀n ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń bu ẹ̀wà lọ́wọ́ ló bá ní: "Bí gbogbo nǹkan bá ní ẹni tó dá a, ta ló dá Ọlọ́run?" Ni ṣíbí bá dúró lọ́wọ́ mi.

Mo wádìí. Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ti sọ irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1927. Ṣùgbọ́n Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ti ìjọ Kátólíìkì láyé àtijọ́, kò sọ pé gbogbo nǹkan ló ní olùdá. Ohun tí kò lè dá wà fúnra rẹ̀ ló ní ó gbọ́dọ̀ ní orísun. Ìyẹn yé mi. Nígbà tí àbúrò mi ní sáyẹ́ǹsì ti lé Ọlọ́run lọ, mo dárúkọ Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé pé àgbáyé ń fẹ̀ sí i. Ó dákẹ́. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ti ìyà ni mi ò rí sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, kú lésìí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé la jọ gbààwẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má ka Róòmù 8:28, ibi tó ní ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fún rere fún àwọn tó fẹ́ràn Ọlọ́run, sí òun létí. Jóòbù pàápàá, Ọlọ́run kò sọ ìdí fún un.

Ta ló ti bá irú èyí pàdé? Kí lẹ sọ? Àbí kí n kúkú dákẹ́, kí n máa se ẹ̀wà fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ bá pásítọ̀. Èyí tí mo lọ bá ní ẹ̀mí èṣù ni.