Ẹ gbà mí o: mo nílò bàtà àti ẹni tí a ó jọ máa sáré, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù

Àdùkẹ́Kékeré (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:12 alẹ́)
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ti fi orúkọ gbogbo wa sílẹ̀ fún eré kìlómítà 10 ti oṣù kejì, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n tiẹ̀ ti wá wọn èjìká wa fún ẹ̀wù. Ìgbà tí mo sáré kẹ́yìn, ìntáháòsì ni. Ipò kẹrin ni mo ṣe nínú àwa márùn-ún, ẹni tó ṣe ìkarùn-ún sì ṣubú ni. Ibo ni mo ti lè rí bàtà tó dáa tí kò wọ́n? Ta ló sì mọ ẹgbẹ́ tí mo lè bá sáré? Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàánú mi.

Kàtángúwà_Bọ̀ìsì
Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ ra tuntun. Ẹ dé Kàtángúwà, ọjà òkìrìkà l'Èkó, láàárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já bélì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ bàtà náà: bó bá le bíi pákó, fóòmù inú rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ wá ká a lọ́wọ́. Iwájú, níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló yẹ kó ti tẹ̀. Bó bá ká ní àárín méjì bí ẹní, ẹ dá a padà fún un. Ẹ tún yí ìdí rẹ̀ sókè. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹ ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ kọ́kọ́ lẹ máa fi sáré.

ỌmọSùúrùlérè
Eré Èkó nìyẹn. Láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń sá a. Àwa onífújà tí à ń sá kìlómítà 42, Stádíọ̀mù Sùúrùlérè la ti máa ń gbéra, a ó gba Ìkòròdú Road, a ó gun Third Mainland, ó di Eko Atlantic. Ẹ̀yin oní-10, ìgbafẹ́ ni tiyín. Ẹ wá sí Stádíọ̀mù láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó bá èèyàn lọ súà níbẹ̀. Bàtà, ẹ wò ó ní Yábà.

Àdùkẹ́Kékeré
Ẹ má bínú, mi ò sọ ọ́: Ìbàdàn ni mo wà. Ọjọ́ eré la máa wọ bọ́ọ̀sì wá sí Èkó.

Kàtángúwà_Bọ̀ìsì
Háà! Lẹ́yìn tí mo ti já bélì tán.

Ewé_ń_jẹ́
Ẹ kú ìjíròrò. Ẹni tó bá fẹ́ kí ikùn wọlé láàárín ọjọ́ méje, mo ní àgbo kan, ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí wàhálà eré sísá rárá. Ẹ wọ inú àpótí mi.

Arìnyára
@Ewé_ń_jẹ́, ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ikùn?
Àdùkẹ́, ọjà Aléṣinlọ́yẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ fún bàtà. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bó bá ti rìn látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń wú bẹ́ ẹ bá ń sáré. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi sáré dání. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá fún, èékánná ló máa fi san gbèsè. Nípa eré fúnra rẹ̀: ẹ sá ìṣẹ́jú kan, ẹ rin méjì, ẹ tún sá. Ẹ ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan já geere, eré yín ti pọ̀ jù. Ìyẹn ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

BàbáÒkèÀdó
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń wá ẹgbẹ́ tí ẹ ó fi sáré. Ní tiwa, bí o bá ti fẹ́ pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, o ti sáré tán. Ẹ lọ sí pápá Líbátì ní Òkè-Àdó, tí wọ́n ti wá fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè báyìí. 1963 tí Dick Tiger na Gene Fullmer níbẹ̀ nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, orí èjìká bàbá mi ni mo wà. Gbogbo Ìbàdàn ló jáde lọ́jọ́ yẹn.

Àdùkẹ́Kékeré
Ẹ ṣé, bàbá wa. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn wọlé sáré níbẹ̀?

BàbáÒkèÀdó
Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Orúnkún ò gbà fún mi mọ́.

Mosún_T
Àbúrò, tètè gbọ́ tèmi kó o tó wọ ẹgbẹ́ kankan. Èkó ni mò ń gbé nígbà náà. Ẹnì kan fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kóòṣì á máa tọ́ wa sọ́nà. Mo san án. Wọ́n ní ká pàdé lábẹ́ afárá kan ní aago márùn-ún ìdájí. Mo dé ibẹ̀, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti sáré rí. Kóòṣì ní kìlómítà 12 la máa sá, ó fọn fèrè, ó di gbòsà.

Kìlómítà mẹ́ta ni mo bá wọn dé. Láti ibẹ̀, iná ẹ̀yìn bàtà wọn nìkan ni mò ń rí, nígbà tó sì yá mi ò rí ìyẹn náà mọ́. Mi ò mọ ọ̀nà. Fóònù mi wà nínú ọkọ̀ ẹni tó gbé mi wá. Àwọn ọkùnrin méjì kan tó jókòó sídìí tẹ́ńdà bi mí pé kí ló ń lé mi. Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n ní nígbà tí kò sí nǹkan, kí ló dé tí mò ń sunkún? Ọlọ́run ló rán ìyá oníbúrẹ́dì kan sí mi. Ó fi mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ti rò pé ìtìjú nìkan ni màá gbé lọ sílé. Mo tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, torí owó mi tó wà níbẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí, mo gbà. Ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kóòṣì ní ìrora ló ń sọni di akíkanjú, kí n fi róòbù sí i. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, egungun ojúgun ọ̀tún ti sán. Oṣù méjì ààbọ̀ ni mi ò lè sáré. Ẹgbẹ́ náà ò pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kàn yọ mí kúrò lórí WhatsApp nígbà tí owó oṣù kejì ò wọlé.

ỌmọSùúrùlérè
Ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹnu yín dà? Bó ti rẹ̀ yín, ṣe lẹ ò lè pariwo ni?

Mosún_T
Èémí wo ni mo fẹ́ fi pariwo?

Gẹlẹtẹ
Ẹ̀gbọ́n Mosún, ẹ kú orí ire. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ìyàwó mi pé eré ìdájí kì í ṣe fún obìnrin. Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé ọkọ yín mọ̀ sí i?

Arìnyára
@Gẹlẹtẹ, ọ̀gá iṣẹ́ ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ wo ni yóò mọ̀ sí i? Èmi tí mo jẹ́ ọkùnrin, fijilanté ti dá mi dúró rí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń sáré fún. Mo ní ara líle. Wọ́n ní kí n sá a padà lọ sílé ká wò. Tẹ̀lé ni wọ́n tẹ̀lé mi débi géètì.

Adéwùmí42
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí yóò dun àwọn kan. Mo wà nínú ẹgbẹ́ eré ní Èkó, kì í ṣe èyí tí Àǹtí Mosún sọ. Mo ní àfojúsùn: mo fẹ́ sá 42 láàárín wákàtí mẹ́rin. Mo jí ní aago mẹ́rin, mo san owó mi. Bí mo bá ń dúró de gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ wo ni màá sá eré tèmi? Ẹni tí kò bá tíì lè sá 12, kó dúró sílé kó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sá márùn-ún.

Mosún_T
Wọn ò sọ pé 12 ni kí n tó sanwó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

ẸniẸ̀yìn
Ẹ dákun, ẹ má jà. Àwa bíi mẹ́tàlá la máa ń sáré nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé. Kò sówó, kò sí kóòṣì, kò sí ẹ̀wù. Òfin wa ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ́sẹ̀ yẹn ló máa wà lẹ́yìn pátápátá, òun ni yóò mú omi àti fóònù dání. Èmi ni mo wà lẹ́yìn fún ọdún méjì, orúkọ tí wọ́n sì sọ mí nìyẹn. Bí ẹni tó kẹ́yìn bá ń rìn, mò ń rìn. @Adéwùmí42, kò dí eré yín lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù lọ́sẹ̀, ẹ máa lọ kánkán bí ẹ bá ti fẹ́. Àdùkẹ́, ẹ máa bọ̀ lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀, iwájú géètì.

Adéwùmí42
Ọjọ́ mẹ́fà wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ní Èkó nìkan ló lè dá mi lóhùn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń délé. Sátidé nìkan ni mo ní.

ẸniẸ̀yìn
Ìyẹn náà tọ́. Ẹ má bínú.

Kàtángúwà_Bọ̀ìsì
Ẹ jẹ́ ká padà sórí bàtà o.

Ọmọ_Rẹ́mọ
Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà? Fálílátù Ògúnkọ́yà gba idẹ nínú 400 mítà ní Atlanta ní 1996. Tóbi Amùsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré ìfòdènà 100 mítà ní 2022, gbogbo ayé kò sì tíì ṣe é rí. Àdùkẹ́, ẹ má bẹ̀rù nǹkan kan!

Arìnyára
Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá ni Tóbi fi sáré o. Àdùkẹ́ máa wà lójú títì fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

Mosún_T
@Ewé_ń_jẹ́, mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. Egungun ló sán, kì í ṣe ikùn.

Nọ́ọ̀sì_Bísọ́lá
Mo kà á látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin yìí bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée. Àdùkẹ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́la, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lásìkò ọyẹ́ yìí, bí eruku bá ti bo ojú ọ̀run, ẹ fi eré sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ń sáré tí àyà ń fún yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ má tẹ́tí sí kóòṣì kankan. Ẹ̀bà alẹ́ àná kò ní pa yín lára, àmọ́ ẹ má jẹ ẹ́ láàárọ̀ eré. Ògì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó, wákàtí méjì ṣáájú. Ní tòótọ́, bí ẹ bá tiẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ kánmọ́kánmọ́, ẹ ó dé òpin láàárín wákàtí méjì. Ọ̀gá yín ò lè lé yín kúrò níṣẹ́ nítorí ìyẹn.

Gẹlẹtẹ
Nọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀gá ìsinsìnyí lè ṣe é o.

*(Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà)*

Àdùkẹ́Kékeré
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín pátá. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ẸniẸ̀yìn, mo fẹ́ wá ní Sátidé, oorun ló gbé mi lọ. Aléṣinlọ́yẹ́, mo dé ibẹ̀, iye tí wọ́n dá lé bàtà kan ju owó oúnjẹ ilé wa fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ni mo bá rìn padà wálé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kánfáàsì kan tó ti gbàgbé sábẹ́ ibùsùn. 41 ni, 39 ni ẹsẹ̀ mi. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kún un.

Ní ti ẹni tí a jọ ń sáré: Ìyá Ìbejì ẹlẹ́kọ tó ń tajà níwájú ilé wa gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu ọmọ mi, ó ní òun náà ń bọ̀, torí dókítà ti ń bínú sí òun. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa la ń lò, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti tà tán. Ìró àti bùbá ló fi ń sáré. Lónìí, òun ló kọ́kọ́ yí pápá po, mo ṣì wà nídìí òpó bọ́ọ̀lù tí mò ń gba èémí.

Arìnyára
41! Mo jókòó kọ gbogbo ìyẹn.

Kàtángúwà_Bọ̀ìsì
Ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ Jésù.

ẸniẸ̀yìn
Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu. Àdùkẹ́, kí ẹ wo ojú ìka ẹsẹ̀ yín lálaalẹ́ ṣá, bí ó bá ti ń pọ́n, ẹ sọ fún wa. Mo lè bá yín bi àwọn ọ̀rẹ́ mi bóyá ẹnì kan ní 40 tí kò wọ̀ mọ́.

Mosún_T
Àdùkẹ́, apá ibo ni ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wà? Mo ti kó dé Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá, Sáńgo ni mò ń gbé.

Àdùkẹ́Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, kò jìnnà sí yín rárá. Mo ti fi àpèjúwe rẹ̀ sínú àpótí yín. Aago mẹ́fà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ mú omi tiyín dání o, Ìyá Ìbejì kì í fún ẹnikẹ́ni mu nínú tirẹ̀.