Àbọ̀ lórí ètò ríra ṣíà mi: mo ti rí ibi tó ti ń jò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ará Kubwa tó bèèrè ìdí tí ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ra ṣíà, tí mo sì fi ń tà á, fi ń pa owó lórí ìwé (ìyẹn nígbà tí mo bá fi iye owó àtijọ́ dán an wò), tó sì ń jẹ owó mi lójú ayé, ni mo padà dé.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fi iye owó ṣíà ọdún 2008 dán an wò, ẹ ṣé gan-an. 2023 àti 2024 nìkan ni mo fi dán an wò, nígbà tí ọjà ń gòkè ṣáá. Ta ni kò ní jèrè níbẹ̀? Ní oṣù Kẹta 2008, All-Share Index (nọ́ńbà tó ń fi bí iye owó gbogbo ṣíà ọjà Nàìjíríà ṣe ń lọ hàn) lé ní 66,000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, kò tó 20,000 mọ́. Kọ̀ǹpútà mi ń kọ "tà á, tà á", bí ẹni pé oníbàárà to síwájú ìsọ̀. Oníbàárà dà?

Mo tún yí ìpíndọ́gba iye owó ṣíà fún ọjọ́ 50, tí ètò náà fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó rà tàbí kó tà, sí ọjọ́ 47, lẹ́yìn náà 53. Gbogbo èrè pòórá! Àṣé 50 yẹn kàn ṣe kòńgẹ́ ni. (Ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́.)

Mo ti pa á tì. Ẹ bá mi ti ìbéèrè yìí.