Ànàmọ́ díndín: kí ni wọ́n ń pè é níbi kọ̀ọ̀kan, báwo ni wọ́n sì ṣe ń gé e?

Alásè_Ṣágámù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mò ń to ìwé oúnjẹ kan jọ ní èdè wa, ọ̀rọ̀ ànàmọ́ díndín ló wá lọ́jú pọ̀. Ìlànà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kọ "chips", ó ní kí á gé e nípọn, kí á jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ti Amẹ́ríkà náà kọ "chips", ó ní kí á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpékeré. Ti Ọsirélíà kọ "chips" lẹ́ẹ̀mejì lójú ìwé kan náà, àwòrán méjèèjì ò sì jọra. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pe èyí tó gùn gbọọrọ tí wọ́n ń jẹ ní gbígbóná, kí sì ni wọ́n ń pe ti inú ọ̀rá, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ bá mọ̀? Ẹ fi ìwọ̀n gígé àti bí òróró ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kún un, torí orúkọ nìkan ò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ìdí agbada. Ànàmọ́ Irish ni mò ń sọ o, kì í ṣe ọ̀dùnkún.

ỌmọLeeds:

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé náà. Ẹ gbé orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ wo ohun méjì nínú ìlànà kọ̀ọ̀kan: ṣé gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́ àbí tútù, báwo ló sì ṣe nípọn tó? Ẹni tó bá ti mọ méjèèjì, orúkọ ò ní ṣì í lọ́nà mọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "chips" ni èyí gbígbóná tó nípọn, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ẹja díndín, tí wọ́n ń wọ́n iyọ̀ àti fínígà lé lórí. Ti inú ọ̀rá ni "crisps". Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ilé oúnjẹ bíi McDonald's ń tà, "fries" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ náà, nítorí náà ẹ lè rí "chips" àti "fries" ládùúgbò kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Sísanra ló yà wọ́n. Ireland bá wọn lọ nínú gbogbo èyí, àfi pé ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ máa ń pe crisps ní "Tayto", orúkọ ilé iṣẹ́ tí Joe Murphy dá sílẹ̀ ní Dublin ní 1954, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí crisps oníwàràkàṣì àti àlùbọ́sà.

Amẹ́ríkà yí i padà: "chips" ni ti inú ọ̀rá, "fries" ni gbígbóná, ì báà tẹ́ẹ́rẹ́, ì báà nípọn. Àmọ́ tí ẹ bá rí "fish and chips" nílé oúnjẹ kan níbẹ̀, gbígbóná ni wọ́n máa gbé wá. Kánádà tẹ̀ lé Amẹ́ríkà.

Ọsirélíà àti New Zealand ń pe méjèèjì ní "chips", ìdí nìyẹn tí ìwé yín fi rú yín lójú. Tí wọ́n bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀, wọ́n á ní "hot chips". Gúúsù Áfíríkà náà ń lo "chips" fún méjèèjì, wọ́n sì ní "slap chips", èyí tó nípọn, tó rọ̀, tí fínígà ti wọ̀ lára. Ẹni tó bá dín in títí ó fi gbẹ kò ṣe slap chips mọ́. Ní Kẹ́ńyà, "chips" àti "crisps" ni, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Tànsáníà ní "chips mayai": wọ́n á kó chips tó ti jinná sínú páànù, wọ́n á da ẹyin lù ú, á dì pọ̀ di ọ̀kan. Ní Íńdíà, ẹ máa gbọ́ "finger chips" fún gbígbóná. Ti inú ọ̀rá ni "chips" tàbí "wafers", wafers yìí sì wọ́pọ̀ gan-an ní Mumbai àti Gujarat.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí o. Ní 1975, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé Pringles, tí wọ́n fi ànàmọ́ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ mọ, kò gbọdọ̀ máa jẹ́ "potato chips" àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ànàmọ́ gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n yáa kọ "crisps" sára páálí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba VAT, owó orí ọjà, lórí ọ̀pọ̀ oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbà á lórí crisps. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Pringles lọ jiyàn ní kóòtù pé nǹkan bíi 42% péré ni ànàmọ́ inú Pringles, pé kì í ṣe ohun tí òfin ń bá wí. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n sanwó, ní 2009.

Àjàṣẹ́_dé_Lomé:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà ti Faransé kún un. Ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Lomé, "frites" ni gbígbóná, "chips" ni ti inú ọ̀rá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Paris gẹ́lẹ́. Ohun kan tó máa ń ṣi àlejò lọ́nà ni "koliko" tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní Togo. Iṣu ni, dùndú wa gan-an ni, ẹ má kọ ọ́ mọ́ ànàmọ́.

Ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní "frites", àwọn tó ń sọ Flemish ń pè é ní "friet" tàbí "frieten". Ní Họ́láńdì, "patat" ni lápá àríwá, "friet" lápá gúúsù. "Chips" níbẹ̀, ti inú ọ̀rá ni. Jámánì gé "pommes frites" kù sí "Pommes", wọ́n sì ń pe gbogbo lẹ́tà rẹ̀, kò dún bíi ti Faransé mọ́. Sípéènì ń pe méjèèjì ní "patatas fritas", nítorí náà àwòrán ni kí ẹ wò níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà, "papas" ló dípò "patatas".

Bràsíl náà ń pe méjèèjì ní "batata frita", ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀kẹta tí kò yẹ kí ìwé yín fò: "batata palha". Wọ́n á gé e wínníwínní bí ìṣáná tí wọ́n là sí méjì, wọ́n á dín in gbẹ, wọ́n á wá bu ú lé ẹran olómi tàbí hot dog lórí. Ànàmọ́ Irish wa yìí, "batata-inglesa" ni wọ́n ń pè é lọ́jà ibẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ní Kúbà, "papitas fritas" ni ànàmọ́. Tí ẹ bá gbọ́ "mariquitas" tàbí "chicharritas", ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìpékeré gidi.

Agbada_Gbígbóná:

Àwọn ẹ̀gbọ́n ti parí ti orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gígé, torí ibẹ̀ ni ìwé oúnjẹ ti ń dójú tini.

Chips ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: mìlímítà 13 sí 15, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Frites Bẹ́ljíọ̀m: mìlímítà 10 sí 12. Fries tẹ́ẹ́rẹ́ ti Amẹ́ríkà: 6 sí 7. Ti inú ọ̀rá: 1 sí 1.5, èyí sì ju agbára ọ̀bẹ lọ. Ẹ lo irin ìrẹ́nǹkan, torí tí apá kan bá nípọn ju èkejì lọ, apá kan á jó kí èkejì tó gbẹ.

Ọ̀nà Bẹ́ljíọ̀m ló máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló dára jù fún gbígbóná. Ẹ gé ànàmọ́, ẹ fi omi tútù ṣàn án títí omi á fi mọ́, kí sítáàṣì ojú rẹ̀ lè lọ. Tí sítáàṣì yẹn bá kù, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú òróró, wọ́n á sì tètè pọ́n. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ dáadáa. Dídín àkọ́kọ́: 150°C, ìṣẹ́jú 5 sí 6. Kò gbọdọ̀ pọ́n rárá. Ẹ fi ọmọ ìka tẹ ọ̀kan nígbà tó bá tutù, ó yẹ kó rọ̀ láìfọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Dídín kejì: 180°C sí 185°C, ìṣẹ́jú 2 sí 3, títí tí á fi pọ́n bíi wúrà. Ẹ gbọ̀n ọ́n nínú ajọ̀, kí ẹ tó wọ́n iyọ̀ sí i.

Ìdí tí wọ́n fi ń dín in lẹ́ẹ̀mejì: nǹkan bíi 80% ànàmọ́ tútù ni omi. Ti àkọ́kọ́ ń sè é nínú, ti kejì ń lé omi ojú rẹ̀ lọ kí èèpo líle lè wà. Ẹni tó bá sọ ọ́ sínú 185°C láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ìta ti pọ́n, inú ṣì le.

Fún ti inú ọ̀rá, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dín in ní 170°C sí 175°C. Ìfóòfó òróró ni kí ẹ máa wò. Á kọ́kọ́ hó yàà, omi ló ń jáde yẹn. Tí ìfóòfó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, omi ti tán nìyẹn. Ẹ kó o nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ, torí á tún pọ́n díẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná.

Lítà òróró 2, ẹ má kó ju gíráàmù 250 sí i lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá kó o kún, òróró á tutù lójijì, ànàmọ́ á wá mu ún rin ṣìnkìn. Agbada ò gbọdọ̀ kún ju ìdajì lọ. Ẹni tí kò ní tẹ̀mọ́mítà, kó ju búrẹ́dì kékeré sí i: tó bá pọ́n láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó ti tó 180°C. Tí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ dé e pa. Ẹ má bu omi sí i láé.

Alásè_Ṣágámù:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á san ẹ̀san. Ohun kan ló kù: àwọn tó ń dán ìlànà náà wò fún mi sọ pé ànàmọ́ wọn máa ń dúdú kó tó gbẹ, bí wọ́n tilẹ̀ fi tẹ̀mọ́mítà wọn òróró. Inú fíríìjì ni wọ́n ń kó o sí.

Agbada_Gbígbóná:

Fíríìjì ló fà á. Nínú òtútù, sítáàṣì inú ànàmọ́ máa ń di ṣúgà, ṣúgà yẹn ló ń tètè dúdú nínú òróró. Ẹ kó o síbi tó tutù díẹ̀, tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, nínú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò, kì í ṣe ọ̀rá. Èyí tó ti gba òtútù, tí wọ́n bá gbé e síta fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, púpọ̀ nínú ṣúgà náà á padà dín kù. Èyí tó bá ti ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò dáadáa; tó bá pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n dà á nù. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ànàmọ́ díndín kankan pọ́n kọjá àwọ̀ wúrà, torí bó ṣe ń dúdú ni acrylamide inú rẹ̀, kẹ́míkà kan tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ, ń pọ̀ sí i.

Ìṣòro ṣúgà yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ọ̀dùnkún gbẹ bí Irish, ẹ má fi ìwọ̀n ooru kan náà sí ìlànà àwọn méjèèjì.

Irú ànàmọ́ náà ṣe pàtàkì. Maris Piper ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń dárúkọ, Russet Burbank ni ti Amẹ́ríkà, Bintje ni ti Bẹ́ljíọ̀m. Gbogbo wọn ní sítáàṣì púpọ̀. Ẹni tó ra ti Jos tí kò mọ irú èyí tó jẹ́, kó po iyọ̀ ife 1 mọ́ omi ife 11, kó ju ànàmọ́ sí i. Èyí tó rì ni kó dín. Èyí tó léfòó, kó fi se ọbẹ̀ tàbí kó bọ̀ ọ́.

ỌmọLeeds:

Ti orúkọ inú ìwé yín, èrò tèmi ni pé kí ẹ pe tútù náà ní ìpékeré ànàmọ́, kí ẹ pe gbígbóná ní dùndú ànàmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìpékeré ti mọ̀ pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tútù sì ni.

Àjàṣẹ́_dé_Lomé:

Mo fara mọ́ ìpékeré ànàmọ́. Dùndú ni n kò fara mọ́, nítorí fries tẹ́ẹ́rẹ́ mìlímítà 6 kì í ṣe dùndú rárá. Ẹ fi dùndú mọ sí èyí tó nípọn, ẹ jẹ́ kí tẹ́ẹ́rẹ́ máa jẹ́ "fries" bí àwọn ọmọ wa ṣe ń pè é, kí ẹ sì kọ mìlímítà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìlànà kọ̀ọ̀kan.