Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀gá mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ tan ẹ̀rọ

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣe másítà. Mo po ewúro lílọ̀ mọ́ oúnjẹ bírọ́ílà: adìyẹ 60, kéèjì 4, 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jọ́nà tí a kọ̀wé sí ní kí ẹ̀rọ kan kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò, ó sì fún mi ní 3 nínú 10! Kò rí bí a ṣe pín àwọn adìyẹ, kò rí akọ tàbí abo, kò rí ìdí tó fi jẹ́ 60.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé gègé la ṣẹ́ tí a fi pín wọn. Ọ̀rọ̀ lẹ̀rọ ń wá, fún un lọ́rọ̀." Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo pín wọn. Mo kàn ń ti ọwọ́ bọ páálí ni. Èyí tí mo bá mú ń lọ sí kéèjì 1 títí ó fi pé, kí n tó bọ́ sí 2. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì Lafẹ́nwá:
Mi ò kàwé tó yín o, adìyẹ ni mo ń sìn. Òròmọdìyẹ tí ọwọ́ kọ́kọ́ bà, èyí tí kò lè sá ni. Àwọn alágbára ti sá lọ sígun páálí. Àwọn ọ̀dẹ̀ ló wà ní kéèjì 1 rẹ 😂. Tó bá jẹ́ pé àwọn yẹn ni kò jẹ ewúro, ewúro á gba oríyìn tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ọmọ Ìtọ́kú:
Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́, kí o gba sátífíkéètì rẹ.

Bàbá Ìbejì Lafẹ́nwá:
Kí èmi wá fi owó ra ewúro nítorí ìwé yín? Ó dáa.

Àǹtí Lábù:
Ọ̀gá ò parọ́ pé ọ̀rọ̀ lẹ̀rọ ń wá. Irú ẹ̀rọ bíi SciScore, abala ọ̀nà-ìṣiṣẹ́ ló ń kà, kò lè wọ ilé adìyẹ. ODDPub ń wá gbólóhùn tó sọ ibi tí dátà wà. Barzooka ń wo àwòrán bóyá báà ṣáàtì, àwòrán onígi tí kì í fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan hàn, lo fi bo dátà mọ́lẹ̀. Wọ́n kó wọn pọ̀ láti yẹ àwọn iṣẹ́ kòrónà orí medRxiv àti bioRxiv, ìkànnì tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ sí kí jọ́nà tó yẹ̀ ẹ́ wò, wò lásìkò àrùn yẹn. Wọ́n ń ṣìṣe o. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé ẹni tó ka èsì "kò mọ ibi tí èyíkéyìí ti wá", ẹ̀rọ ò rí i, mo bá tún un kọ. Àmọ́ mo ṣe é ni mo fi kọ ọ́.

Ìwọ kọ ọ́ pé bí ọwọ́ ṣe bà wọ́n lo ṣe pín wọn, kí o fi sábẹ́ àléébù iṣẹ́. Ṣé o wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ náà? Gbé ìwúwo yẹn jáde, kéèjì sí kéèjì, kí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lórí àwòrán. Kó dátà sórí Zenodo, ìkànnì tí a ń kó dátà ìwádìí pamọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀:
Má bá ọ̀gá sọ ọ́ lójú èrò o. Wọ ọ́fíìsì wọn, kí o ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, sà. Tí wọ́n bá ní ká mú ìwé àkọsílẹ̀ wá ńkọ́?" Í-meèlì tiwọn ló wà lórí iṣẹ́ yẹn, àwọn ni wọ́n máa kọ̀wé sí.

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí ìwé ìwọ̀n náà, ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà láàárín rẹ̀. Kéèjì 1 ló fúyẹ́ jù. Òun náà ni kò sì jẹ ewúro. Aago mẹ́wàá ọ̀la ni mo ń lọ bá ọ̀gá.