Ẹ má tíì sanwó MLB.TV: bí a ṣe ń wo Astros láti inú Houston

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Katy:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ fẹ́ máa wo bésíbọ́ọ̀lù Astros, ẹgbẹ́ Houston wa yìí, lálaalẹ́. A ò ní kébù, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan la ní. Mo rí MLB.TV, ibi tí líìgì bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (MLB) ti ń fi máàṣì hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú ẹ̀ pátá. Ṣé kí n fi káàdì sí i?

Ìyá Ìbejì, Sugar Land:
Ẹ dáwọ́ dúró ná, àbúrò mi. MLB.TV dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé nítòsí ẹgbẹ́ kan gan-an ni kì í rí ẹgbẹ́ náà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agbègbè tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló sì ní ẹ̀tọ́ láti fi máàṣì rẹ̀ hàn ní agbègbè yẹn. Tí máàṣì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, MLB.TV á kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ wà. Tó bá rí i pé Houston ni, ó parí, Astros ò ní ṣí. Blackout ni wọ́n ń pè é.

Kò sì tán síbẹ̀. Texas Rangers náà ka Houston mọ́ agbègbè tiwọn, ẹgbẹ́ méjì lẹ pàdánù nìyẹn. Máàṣì ni wọ́n ń tì pa, kì í ṣe ẹgbẹ́ lásán: lọ́jọ́ tí Yankees bá wá bá Astros gbá, tàbí tí Rangers bá lọ sí Boston, ẹ ò ní rí i, ì báà ṣe torí Yankees tàbí Boston lẹ ṣe sanwó.

Nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tí máàṣì bá parí, wọ́n máa ń ṣí i kí èèyàn wò ó látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Máàṣì tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 7:10 alẹ́ á gbà tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40, ó di 9:50. Kó tó ṣí, aago 11:20 ti lù. Àwọn ọmọ ti sùn.

Lórí ìkànnì MLB, ibì kan wà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ ZIP code (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò yín) sí, á dárúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ò ní rí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó mú káàdì jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Katy:
Háà, ẹ ṣeun gan-an, àǹtí mi. Níbo wá ni Astros wà?

Ará Òkè-Àdó, Missouri City:
Space City Home Network, ṣánẹ̀ẹ̀lì agbègbè wa, ni. Astros àti Rockets, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Houston, ló jọ ni ín. Ọ̀nà méjì ló wà.

Èyí tó bá yín mu jù ni SCHN+, áàpù tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Kò béèrè kébù. 19.99 dọ́là lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sáà bésíbọ́ọ̀lù máa ń bẹ̀rẹ̀ níparí March, á sì parí níparí September: oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀. Ẹ san ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí sáà bá ṣí gẹ́lẹ́, ẹ má san án ṣáájú. Ìgbà mẹ́fà tẹ́ ẹ bá san, bíi 120 dọ́là lápapọ̀, á gbé yín dé bèbè ìparí. Tí wọ́n bá ń wo Rockets nílé, ẹ jẹ́ kó máa lọ, torí October ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, owó kan náà ló bo méjèèjì. Tí wọn ò bá wò ó, ẹ lọ pa á níbi tí wọ́n kọ auto-renew sí. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kì í dá owó dúró o, wọ́n á ṣì máa yọ ọ́.

Ọ̀nà kejì ni kébù tàbí sátẹ́láìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sanwó fún un tẹ́lẹ̀, ẹ má san SCHN+ lọ́tọ̀. Ẹ kàn fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kébù yín wọ áàpù náà, kóòdù kan á jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó tán. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ra kébù torí Astros ṣọ́ra. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi òǹtajà ni pé: "Ìpele wo ni Space City wà?" Àwọn ilé iṣẹ́ kébù ti kó ọ̀pọ̀ ṣánẹ̀ẹ̀lì agbègbè lọ sí ìpele tó wọ́n jù, ẹni tó bá ra èyí tó kéré ò ní rí i. Ẹ tún yẹ bílì wò. Owó tí wọ́n pariwo nínú ìpolówó wà lókè. Ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ kọjá owó ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tó kan owó-orí ẹ máa rí ìlà kan tí wọ́n kọ "Regional Sports Fee" sí. Owó bésíbọ́ọ̀lù àti alápẹ̀rẹ̀ nìyẹn, oṣooṣù ló sì ń wọlé, títí kan January tí ẹnikẹ́ni ò gbá bésíbọ́ọ̀lù. Ní 2024 ni FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, ṣe òfin pé kí ilé iṣẹ́ kébù àti sátẹ́láìtì máa sọ iye gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ béèrè iye yẹn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ìyàwó Ọ̀ṣun, Pearland:
Ẹ bá mi dá sí i. Tá a bá ṣí áàpù lórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí Roku, ẹ̀rọ tó ń gbé áàpù wá sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní a ò sí ní agbègbè.

Ará Òkè-Àdó, Missouri City:
Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì 5G lẹ̀ ń lò, àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?

Ìyàwó Ọ̀ṣun, Pearland:
Òun ni, ẹ̀gbọ́n.

Ará Òkè-Àdó, Missouri City:
Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fóònù ní GPS, áàpù mọ̀ pé Pearland lẹ wà. Roku ò ní GPS, nọ́ńbà IP íntánẹ́ẹ̀tì yín ló ń gbà gbọ́. Àpótí yẹn wà ní pálọ̀ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ilé iṣẹ́ náà ti ń gbé nọ́ńbà yẹn jáde lè jẹ́ ìlú mìíràn pátápátá. Ẹ fi fóònù sórí Wi-Fi ilé, ẹ wá "IP location" lórí Google, ẹ wo ìlú tó bá dárúkọ. Tó bá ní Atlanta, áàpù ò parọ́ mọ́ yín, ohun tó rí ló sọ.

Ẹ yọ iná àpótí náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tan án padà, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò. Nígbà míì á gba nọ́ńbà tuntun tó sún mọ́ Houston. Tí kò bá yí padà, ẹ pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé nọ́ńbà IP yín ń fi ìlú tí kì í ṣe tiyín hàn. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má wulẹ̀ sọ pé "áàpù ò ṣiṣẹ́". Tí VPN, ohun tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà gan-an pamọ́, bá wà lórí ráútà tàbí Fire Stick, ẹ pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta VPN fún yín torí bésíbọ́ọ̀lù: ó lòdì sí àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, wọ́n sì mọ ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà VPN, wọ́n á tì í pa láàárín máàṣì.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Des Moines:
Kí ẹ̀yin ará Houston máa dúpẹ́ o. Níbí ní Iowa, kò sí ẹgbẹ́ ńlá kankan, síbẹ̀ ẹgbẹ́ mẹ́fà ló pín wa mọ́wọ́: Cubs, White Sox, Cardinals, Royals, Twins àti Brewers. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni MLB.TV ń tì mọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Las Vegas. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sí ìlú tuntun, ẹ tẹ ZIP code ibẹ̀ wò ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Sugar Land:
Mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn kan kún un, ó sì jẹ mí lọ́kàn: ẹ má san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà fún ṣánẹ̀ẹ̀lì agbègbè. Ẹ máa san án lóṣooṣù. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Látijọ́, gbogbo ilé tó ní kébù ló ń dáwó fún wọn, títí kan ìyá àgbà tí kò wo bọ́ọ̀lù rí. Nígbà tí àwọn èèyàn ń já kébù sílẹ̀, orísun owó gbẹ. Ní 2019, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Sinclair ra ṣánẹ̀ẹ̀lì eré ìdárayá 21 lọ́wọ́ Disney ní bílíọ̀nù 10.6 dọ́là. Ní March 2023, ilé iṣẹ́ tó ń darí wọn, Diamond Sports, wọ ilé ẹjọ́ Houston níhìn-ín pé òun ò lè san gbèsè. Kí oṣù May tó parí, San Diego Padres ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, MLB fúnra rẹ̀ ló wá ń fi máàṣì wọn hàn.

Ẹ wo ti Houston fúnra rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 bíi Comcast SportsNet Houston, gbèsè dé ní 2013, ó di Root Sports ní 2014, ó di AT&T SportsNet ní 2017, ó di Space City ní October 2023. Orúkọ mẹ́rin láàárín ọdún 11.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Katy:
Ṣé tí mo bá ti san SCHN+, gbogbo máàṣì 162 tí Astros ń gbá ní sáà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Sugar Land:
Ó kù díẹ̀. Àwọn alẹ́ kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ń ta gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń gba máàṣì náà lọ́wọ́ Space City. Alẹ́ Friday, Apple TV lè mú un. Saturday, Fox lè mú un. Láti 2026, NBC ló ni alẹ́ Sunday. Tó bá sì di October tí wọ́n ń dupò ife, Space City ò ní máàṣì Astros kankan mọ́. World Series, ìyẹn àṣekágbá, Fox ni.

Fox àti NBC ò gba owó. Ẹ ra áńtẹ́nà pẹlẹbẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé, ẹ fi okùn rẹ̀ há ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ lọ sí "settings" kó wá ṣánẹ̀ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Fox 26 àti NBC 2 á jáde. Katy jìnnà díẹ̀: tí àwòrán bá ń já, ẹ gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kẹ́ ẹ tún ní kó wá ṣánẹ̀ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ Èkìtì, Peckham:
Àwa tí a wà ní London, ìdènà agbègbè yẹn ò kàn wá. MLB.TV ń fi Astros hàn wá, ìṣòro tiwa ni oorun: 7:10 alẹ́ Houston, aago 1:10 òru ni níbí. Aago kan náà ni ní Nàìjíríà nígbà ooru London. Tí ọmọ yín bá sì lọ lo họ́lídè ní Ìbàdàn, SCHN+ ò ní ṣí fún un, MLB.TV ló máa ṣí. Ṣùgbọ́n máàṣì kan lè jẹ dátà tó gígábáìtì 8. Ẹ ní kó gbọ́ ọ bíi rédíò nínú áàpù MLB, ìyẹn ò jẹ dátà púpọ̀, kò sì ní blackout.

Ìyá Ìbejì, Sugar Land:
Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa níbí. Nínú mọ́tò, 790 AM ni Astros wà, ọ̀fẹ́ sì ni.